Ọdẹ Orí Ègùn àti Òǹkàwé

Ìwé kíkà jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn ń dá ṣe, kódà bí ilé bá kún fọ́fọ́. Ẹni mẹ́wàá lè jọ jẹun nínú abọ́ kan, wọ́n lè jọ jó sí ìlù kan, wọ́n sì lè jọ wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n kan. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́wàá bá jókòó ti ìwé mẹ́wàá, ìdáwà mẹ́wàá ló wà nínú yàrá yẹn. Kò sí ẹni tó lè bá ẹlòmíì ka ojú ewé kan kó yé olúwarẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wádìí ohun tí ìwé ń ṣe fún èèyàn, a ò lè yọ ìdáwà sílẹ̀, torí ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ojú òǹkàwé kò rí bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ojú kì í ṣàn lórí ìlà bí omi. Fífò ló ń fò. Émile Javal, dókítà ojú ní ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí síta ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ojú á bà síbì kan, á dúró díẹ̀, á tún fò lọ bà síwájú, bí ẹ̀gà tó ń ti orí imọ̀ ọ̀pẹ kan bọ́ sí òmíràn. Ìdúró kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá lọ, fífò kọ̀ọ̀kan kì í sì í sábà ju lẹ́tà 7 sí 9 lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ojú á padà sẹ́yìn lọ wo ohun tó ti fò kọjá. Àgbàlagbà tó mọ ìwé kà dáadáa ń ka bíi 200 sí 300 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan báyìí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojú kọ́ ni olórí iṣẹ́. Bí òǹkàwé bá rí ọ̀rọ̀ náà “àgbàlá”, kò sí àgbàlá kankan lórí bébà; òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́ ọ. Ẹni tó dàgbà ní Ìsẹ́yìn á rí àgbàlá tí wọ́n na òwú aṣọ òfì sí láti òpin kan dé ìkejì. Ẹni tó dàgbà ní Múṣín á rí àgbàlá tóóró kan tí ayálégbé méjìlá ti ń du kànga. Fíìmù kì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó: àwọn tó ṣe fíìmù ti bá a kọ́ àgbàlá náà, wọ́n ti kùn ún lọ́dà, wọ́n sì ti so ewúrẹ́ mọ́ igun kan. Òǹkàwé ló ń mú ewúrẹ́ tirẹ̀ wá. Bí ẹnì kan bá pè é, tàbí tí fóònù dún, ìlà tó ń kà kò sá lọ, ṣùgbọ́n ilé tó ń kọ́ lọ́kàn á wó, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀mẹta lórí ojú ewé kan fi máa ń ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Kíkà pẹ̀lú ẹnu tó pa dé kọ́ ni àṣà ọ̀pọ̀ èèyàn látayébáyé. Ní ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ẹnu kàwé kí etí lè gbọ́ ọ. Augustine, ọmọ Àríwá Àfíríkà tó padà di bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, ròyìn nínú ìwé rẹ̀, Confessions, ohun tó rí ní Milan ní nǹkan bí ọdún 385. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, Ambrose, kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àlejò á wọlé, wọ́n á bá a níbi tó ti ń kàwé láìgbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n á jókòó títí, nígbà tó bá sì yá, wọ́n á rọra jáde nítorí kò sí ẹni tó láyà láti dí i lọ́wọ́. Augustine àti àwọn yòókù ń bi ara wọn pé kí ló dé tó ń kàwé báyìí. Bóyá ó ń ṣọ́ ohùn rẹ̀ kó má baà há ni. Bóyá kò fẹ́ kí àlejò máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó bá le nínú ohun tó ń kà. Ohun tí ọmọ iléèwé ń ṣe lónìí láìronú jẹ́ ohun ìyanu fún ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀wé jù lọ láyé ìgbà náà.

Lára ohun tó mú kíkà wẹ́rẹ́ nira nígbà yẹn ni pé àwọn akọ̀wé kì í fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ á so mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé ìparí, ẹnu ni òǹkàwé á fi tú u. Àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Ireland, tí Látìn kì í ṣe èdè abínibí wọn, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sí i ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje àti ìkẹjọ. Láti ìgbà náà ni ó ti túbọ̀ rọrùn fún ojú láti dá ṣiṣẹ́ láìdúró de ẹnu.

Ẹni tó ń ka Yorùbá mọ irú wàhálà yìí dáadáa. Kọ “igba” sílẹ̀ láìfi àmì sí i: ó lè jẹ́ 200, ó lè jẹ́ igbá tí a fi ń bu omi, ó lè jẹ́ ìgbà òjò, ó sì lè jẹ́ igbà tí akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Ojú nìkan kò lè yan èyí tó tọ́. Òǹkàwé á sọ ọ́ lẹ́nu jẹ́jẹ́, á gbọ́ bó ṣe dún, kó tó mọ èyí tó bá gbólóhùn mu. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé Yorùbá ṣòro kà, àìsí àmì ohùn ni wọ́n ń ráhùn lé lórí láìmọ̀.

Nígbà tí ìwé sì kọ́kọ́ dé sáàárín Yorùbá, ẹnu ni wọ́n fi ń kà á, ó sì ní ìdí mìíràn: àwọn tó mọ̀ ọ́n kà kò tó nǹkan. Ní 1859, míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ó ń tà á ní 120 owó ẹyọ, nítorí ó fẹ́ kí ìwé kíkà mọ́ àwọn èèyàn lára. Bí ẹnì kan bá rà á, ìdílé ló rà á. Àṣà yẹn pẹ́ nílẹ̀. Bí lẹ́tà bá ti Èkó dé sí abúlé, ọmọ tó ń lọ sí iléèwé ni wọ́n á pè kó wá kà á fún ìyá àgbà, tilé-toko á sì gbọ́ iye owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti ẹni tó lóyún.

Àwọn ìwé ìròyìn ló tún kọ́ àwọn òǹkàwé Yorùbá bí a ṣe ń dá jókòó ti ìtàn. Láti 1929 dé 1930, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin arúgbó kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà wà lórí ibùsùn àìsàn, ó ń jẹ́wọ́ bó ṣe fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe aṣẹ́wó. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Irú ìtànjẹ bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láàárín agbo. Ẹni tó ń gbọ́ ìtàn láàárín èrò á kọ́kọ́ wo ojú ẹlòmíì kó tó gbà á gbọ́. Ẹni tó dá jókòó ti lẹ́tà kò rí ojú ẹnikẹ́ni wò, á sì dà bíi pé òun nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Kò sí òfin tó ní kí kíkà fún etí ẹlòmíì parí o. Ní erékùṣù Kúbà, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ lẹ́rú, àwọn tó ń wé sìgá ewé tábà nílùú Havana dá àṣà kan sílẹ̀ ní 1865. Àwọn òṣìṣẹ́ ń dá owó jọ, wọ́n fi ń san owó òǹkàwé kan tó ń jókòó síbi gíga nínú yàrá iṣẹ́, tó ń kàwé sókè fún wọn bí ọwọ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn aláṣẹ Sípéènì fòfin dè é lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àṣà náà kò kú. Ó wà ní Kúbà títí dòní. Ìwé ìròyìn lówùúrọ̀, ìtàn àròsọ tó bá dọ̀sán. Bí ìtàn bá dùn mọ́ wọn, wọ́n á fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ewé kan pátákó iṣẹ́ kò-kò-kò. Ìtàn The Count of Monte Cristo tí Alexandre Dumas kọ wù wọ́n débi pé orúkọ rẹ̀ wà lára sìgá olókìkí kan, Montecristo. Bí a bá sì wò ó dáadáa, ìdáwà wà níbẹ̀ pàápàá: ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu pa dé, oníkálukú ń bá ìtàn lọ síbi tí ọkàn tirẹ̀ bá gbé e lọ.

Láàárín Yorùbá òde òní, ìwé àti ìdáwà kò tíì rójú ara ilé. Èdè fúnra rẹ̀ ń tú àṣírí náà. “Ó kàwé” kò túmọ̀ sí pé ó jókòó ti ìwé. Ó túmọ̀ sí pé ó lọ sí iléèwé, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Gbólóhùn náà dà bí “ó jẹun yó”: ohun tó ti parí ni. Lóòótọ́, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé tí wọn kò tíì ṣí ìwé kan tí kì í ṣe ti iṣẹ́ tàbí ti ìdánwò látọjọ́ tí wọ́n ti gba oyè.

Ẹni tó bá sì jókòó kàwé nínú agboolé, ẹni tí kò rí nǹkan ṣe ni lójú ará ilé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìwé wà lórí orúnkún rẹ̀. Kò tíì ka ojú ewé kan tán tí ìyá rẹ̀ fi ní, “Ṣé bó o ṣe jókòó lásán yìí, o ò lè bá mi bó ẹ̀gúsí yẹn ni?” Bó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí, bàbá rẹ̀ ní kó sáré lọ ra káàdì wá. Àlejò wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé omi wá. Nígbà tó máa fi padà dé ìdí ìwé, ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Ká ní aṣọ ló ń fọ̀ ni, “kú iṣẹ́ o” ni wọ́n á kí i kọjá.

Kì í ṣe ìkà ni ará ilé ń ṣe. Àwùjọ tó gbà pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, tó ní kíkí fún òjò, fún oòrùn, fún ìjókòó àti fún ìdúró, kò lè ṣàìfura sí ẹni tó fà sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Ó lè máa bínú. Ó sì lè máa gbìmọ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n èdè yìí kan náà mọ̀ pé ìdáwà yàtọ̀ sí ìbànújẹ́. “Ó dá wà” ń sọ ibi tí èèyàn wà. “Àárò ń sọ ọ́” ń sọ ohun tó ń ṣe é. Àárò lè máa sọ opó tó ń gbé láàárín ọmọ mẹ́jọ lóròòru, kí àgbẹ̀ tó dá wà lóko láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ má sì mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjiyàn lórí ìdáwà ni ì bá ti parí ká ní àwọn tó ń jiyàn ya ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀.

Yorùbá sì ní iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kì í bá ni ṣe. Ọdẹ tó ń dègùn ni àpẹẹrẹ tó yéni jù lọ. Á kan pẹpẹ sórí igi nítòsí ibi tí èso ti ń já bọ́, ibi tí ẹran ti ń wá jẹun lóru. Á gun orí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, á jókòó. Kò gbọdọ̀ wúkọ́. Kò gbọdọ̀ mu tábà, torí òórùn. Bí ẹ̀fọn bá bà á lápá, kò gbọdọ̀ gbá a. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ariwo ọkàn ara rẹ̀ ni yóò máa gbọ́: gbèsè, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó sọ lánàá, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ariwo yẹn á rọlẹ̀, igbó á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Á dá ewé tí afẹ́fẹ́ mì mọ̀ yàtọ̀ sí ewé tí pátákò tẹ̀. Á mọ̀ bóyá ẹran náà ń bọ̀ tàbí ó dúró ó ń gbóòórùn.

Òǹkàwé máa ń la irú wákàtí àkọ́kọ́ yẹn kọjá. Ojú ewé méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń le, nítorí ìlà orí bébà ń bá ariwo ọkàn du àyè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ìwé dé, tí wọ́n á ní kò dùn. Ọdẹ tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ègùn lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú kò lẹ́nu láti sọ pé kò sí ẹran nínú igbó.

Àwọn ẹlẹ́sìn náà ní ègùn tiwọn. Nínú ìtàn Ìsìláàmù, inú ihò Hírà lẹ́bàá Mẹ́kà ni Ànábì Muhammad dá wà sí nígbà tí ìṣípayá àkọ́kọ́ dé bá a, ọ̀rọ̀ tó sì ṣáájú nínú rẹ̀ ni àṣẹ pé kó kà. Títí dòní, àwọn Mùsùlùmí kan ní ilẹ̀ Yorùbá ń wọ ìtikáàfù ní ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn oṣù Ramadan, wọ́n á fara wọn pamọ́ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á máa ka Kùránì. Kristẹni á gun orí òkè àdúrà lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí méje. Ẹni tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ nífá á wọ igbódù. Kò sí ẹni tó ń bi àwọn wọ̀nyí pé kí ló dé tí wọ́n jókòó lásán.

Ọdẹ àti ìwé pàdé ní gbangba nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, olùkọ́ ọmọ Òkè-Igbó, kọ, tó jáde láti ilé ìtàwé CMS ní 1938. Bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ń sọ nǹkan. Ọkùnrin kan dá jókòó sórí àga rẹ̀, ara tù ú, àgbàlagbà kan sì wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó ní kó mú kálámù àti bébà, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ sílẹ̀. Àgbàlagbà náà ni Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ti dá wọ Igbó Irúnmalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó di pé òun àti àwọn ògbójú ọdẹ mìíràn jọ rin ìrìn Òkè Lángbòdó. Kí ìtàn náà tó parí, èrò ti pé lé wọn lórí, wọ́n ń gbọ́. Fágúnwà mọ àwọn tó ń kọ̀wé fún. Ó fún wọn ní agbo tó mọ́ wọn lára, ó sì fi ọkùnrin kan tó ń dá kọ̀wé sí àárín agbo náà.

Wole Soyinka túmọ̀ ìwé yìí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ náà sì jáde ní 1968. Nígbà tó jáde, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kò sí nílé láti gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ó wà ní àhámọ́. Ìjọba ológun ti mú un ní oṣù kẹjọ 1967, nígbà ogun abẹ́lé, lẹ́yìn tó lọ rí Ojukwu, olórí Biafra, ní ìlà oòrùn láti wá bí ogun á ṣe dáwọ́ dúró. Oṣù kẹwàá 1969 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Nínú àkókò yẹn, ó lo bí oṣù 22 ní òun nìkan, Kàdúná ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n fi ìwé àti ohun ìkọ̀wé dù ú. Àwọn ìwé díẹ̀ tó bọ́ sí i lọ́wọ́, tó fi mọ́ Primitive Religion tí Paul Radin kọ, wá di ìwé méjì nínú ẹyọ kan: ó ń ka èyí tí wọ́n tẹ̀, ó sì ń fi tàdáwà tó pò fúnra rẹ̀ kọ tirẹ̀ sáàárín àwọn ìlà. Ó kọ lára páálí sìgá, ó kọ sára bébà ilé ìyàgbẹ́. Inú àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn ni The Man Died ti wá, ìwé tó jáde ní 1972. Ṣáájú rẹ̀, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà ti lo ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní Calabar láti kọ ìwé lórí òfin ìlànà Nàìjíríà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí ìyẹn sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n di ilé ìkàwé. Ìdáwà tí wọ́n fi tipá sé mọ́ èèyàn ń jẹ ọkàn run. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún ìlànà nípa ẹlẹ́wọ̀n ṣe ní 2015, tí wọ́n sì fi orúkọ Nelson Mandela pè é, wọ́n là á kalẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ dá ẹlẹ́wọ̀n sé mọ́lé fún wákàtí 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, láìrí èèyàn bá sọ̀rọ̀, kó kọjá ọjọ́ 15 léraléra. Ẹ wá fi oṣù 22 wé e. Ohun tí ìwé ṣe fún Soyinka ni pé ó fún un ní ẹni tó lè bá jiyàn nínú yàrá tí kò sí èèyàn. Kò sọ yàrá náà di ibi tó dára.

Yíyàn ló ya ìdáwà kan sọ́tọ̀ sí èkejì, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí sì ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní 2014, Timothy Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà tẹ èsì àyẹ̀wò kan jáde tó pa ọ̀pọ̀ lẹ́rìn-ín. Wọ́n fi èèyàn kọ̀ọ̀kan sínú yàrá fún ìṣẹ́jú 15, láìsí fóònù, láìsí ìwé, láìsí kálámù, wọ́n ní kí wọ́n máa ronú. Ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni bọ́tìnnì kan tó ń fi iná mànàmáná gbọ̀n wọ́n, wọ́n sì ti tọ́ ọ wò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ní àwọn á sanwó kí wọ́n má ṣe fi gbọ̀n àwọn mọ́. Síbẹ̀, ọkùnrin 12 nínú 18 àti obìnrin 6 nínú 24 tẹ bọ́tìnnì náà. Ó sàn fún wọn kí nǹkan ta wọ́n ju kí wọ́n jókòó ti ọkàn ara wọn.

Àyẹ̀wò mìíràn, tí Thuy-vy Nguyen, Richard Ryan àti Edward Deci ṣe, wo ohun tí ìṣẹ́jú 15 ti ìdáwà ń ṣe sí ara èèyàn. Wọ́n rí i pé ó ń tu ara lójú: ìbínú àti ìfòyà á rọlẹ̀, ayọ̀ àyọ̀jù náà á sì rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹni tó ń kàwé nínú ìdáwà rẹ̀ àti ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ara sì máa ń tu àwọn tó fúnra wọn yan ìdáwà náà. Bí a bá to àyẹ̀wò méjèèjì síra, ó jọ pé ìwé jẹ́ ohun ìdìmú fún ẹni tí ìdáwà ń bà lẹ́rù: kò sí nínú èrò, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣófo.

Ṣùgbọ́n ta ló láǹfààní láti yàn? Ní 1929, ọdún tí lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Èkó, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Virginia Woolf, tẹ ìwé kan jáde ní London, níbi tó ti jiyàn pé obìnrin tó bá máa kọ ìtàn ní láti ní owó lọ́wọ́, kó sì ní yàrá tirẹ̀. Ẹni tó ń kàwé náà nílò rẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti ń sùn mẹ́fà nínú yàrá kan, ìyẹ̀wù ni ohun tó wọ́n jù. Ọmọbìnrin tí wọ́n ní kó wá bó ẹ̀gúsí kò kọ̀ láti kàwé. Kò ní wákàtí kan tó jẹ́ tirẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó gbé àga sí abẹ́ igi máńgòrò, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rán an níṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tó ń dí ìwé kíkà lọ́wọ́, èyí ni wọn kì í sábà mẹ́nu bà.

Àwọn tó ń kàwé láàárín irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń jí ìdáwà tiwọn níbi tí wọ́n bá ti rí i. Ìdájí ni ọ̀pọ̀ fẹ́ràn, kí wọ́n tó pe ìrun, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́. Àwọn kan ń kàwé nínú mọ́tò, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó lè gba wákàtí méjì lọ́wọ́ èèyàn bó fẹ́ bó kọ̀. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù á tẹ́ ìwé lé orí páálí ọṣẹ, á ka ìlà mélòó kan kí oníbàárà tó dé. Inú ilé ìkàwé yunifásítì, bíi Kenneth Dike ní Ìbàdàn, ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti jẹ́ òfin, àwọn mìíràn sì ń lọ síbẹ̀ nítorí òfin yẹn ju nítorí ìwé lọ. Fóònù kì í ṣe ọ̀tá tó bá jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ìwé wà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ pa dátà. Ọdẹ kì í gbé agogo gun orí ègùn.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló kù. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kà ń rin ọ̀nà tí aráyé rìn láti ìgbà Ambrose. Á kọ́kọ́ ké e sókè kí gbogbo ilé gbọ́, á máa fi ìka tọ ìlà. Bó bá yá, ohùn á wálẹ̀ di ìsọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, ètè nìkan ni yóò máa mì. Àgbà tó bá ń kàwé fún un lálẹ́, tó sì ń dúró kí ó béèrè ìbéèrè, ń mú ìrìn náà yá. Ní ọjọ́ kan, ètè á dúró. Ará ilé lè rò pé ọmọ náà ti sú u, kí wọ́n pariwo mọ́ ọn pé kó máa kàwé rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì ń fò láti ìlà dé ìlà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ igbe wọn.